Orí Keje: Ìfọ́nká Ìgbì àti Rúdurùdu Kúáńtọ́ọ̀mù

Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sí etíkun Ìlàjẹ ní oṣù Kínní 1947, orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan bá kọjá, ìgbì tó ta lẹ́yìn rẹ̀ á máa bọ̀ ní ìlà gbọọrọ tí ojú lè tẹ̀ lé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kọlu òpó. Apá kan á ta padà, apá kan á rọra gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, ìyókù á sì fọ́n sí ọ̀nà gbogbo. Òpó kejì á gba èyí tí àkọ́kọ́ fọ́n, òun náà á tún fọ́n ọn. Nígbà tí omi náà bá fi dé abẹ́ ilé kẹwàá, ìgbì ti di àìlóǹkà, wọ́n sì ń gun ara wọn: níbì kan omi ga sókè lójijì, níbòmíràn ó pa rọ́rọ́.

Ìfọ́nká ìgbì ni orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn nínú físíìsì. Ìbéèrè méjì ló tẹ̀ lé e. Ǹjẹ́ ètò kankan wà nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe láti mọ iye ìgbà tí omi yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ? Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ físíìsì ti rí ìdáhùn tó jinlẹ̀ sí ìbéèrè méjèèjì. Inú àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n rán máíkírówéèfù sí ni wọ́n ti rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka orí yìí tán yẹ kó lè ṣàlàyé ìgbà tí nǹkan lè fọ́n ìgbì ká, kó lè sọ ìdí tí máíkírówéèfù fi lè dúró fún ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, kó lè ṣírò ìwọ̀n ìmì tí àpótí onígun mẹ́rin gbà, kó sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àpótí tó létò àti èyí tó ní rúdurùdu.

7.1 Ìgbì àti ohun tó dí i lọ́nà

Kì í ṣe gbogbo ìgbì ló ń ka òpó sí. Ìgbì ńlá tó ń ti gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì wá sí etíkun Ìlàjẹ lè jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá 12 kọjá kí orí ìgbì kan tó tẹ̀ lé òmíràn. Nínú omi tó jìn, àlàfo láàárín orí ìgbì méjì, tí í ṣe gígùn ìgbì, jẹ́ 1.56 × 12 × 12, ìyẹn nǹkan bíi mítà 225. Òpó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 kò lè fọ́n irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ká. Omi á kàn gòkè lára òpó, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ìgbì wẹ́wẹ́ tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ kò ní rí ọ̀nà gba ibẹ̀ láìfọ́n. Òfin àkọ́kọ́ nìyí: ìfọ́nká máa ń lágbára nígbà tí ìwọ̀n ohun tó dúró lọ́nà bá sún mọ́ gígùn ìgbì, tàbí tó bá jù ú lọ.

Ìdílé kan náà ni máíkírówéèfù àti ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò ti wá. Láàárín ìmì mílíọ̀nù 300 àti bílíọ̀nù 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìwọ̀n ìmì rẹ̀ wà. Àkékúrú rẹ̀ ni 0.3 GHz sí 300 GHz. Gbogbo wọn ló ń sáré kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí a bá fi ìwọ̀n ìmì ní GHz pín 30, èsì rẹ̀ ni gígùn ìgbì ní sẹ̀ǹtímítà. Ààrò máíkírówéèfù inú ilé ìdáná ń lo 2.45 GHz, gígùn ìgbì rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.2.

Nǹkan tó gba orí tábìlì ni ìwọ̀n yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbì òkun ṣe ń fọ́n kò lè gbé òkun wọ yàrá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè fi ọwọ́ gbẹ́ àpótí tó kéré tó átọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n àpótí tó gùn ní ìdajì mítà, tí máíkírówéèfù onísẹ̀ǹtímítà mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ṣeé gé, ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé tún ṣe bí ó bá wọ́.

7.2 Òjò Ilé-Ifẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí àpótí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti kó ipa tó lórúkọ nínú ẹ̀kọ́ ìfọ́nká máíkírówéèfù. Ẹnikẹ́ni tó ní díìṣì tẹlifíṣọ̀n ní Igbókòdá mọ̀ pé bí òjò ńlá bá bẹ̀rẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á sì lọ pátápátá bí òjò bá le sí i. Ẹ̀kán òjò ló fa èyí. Ẹ̀kán tó tóbi lè ní ìbú mìlímítà márùn-ún. Gígùn ìgbì tó ń ti sátẹ́láìtì wá sí díìṣì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀. Nítorí náà ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á gba díẹ̀ nínú agbára ìgbì náà mì, á sì fọ́n díẹ̀ ká. Nígbà tí ẹ̀kán bá pọ̀ lọ́nà, ohun tó máa kù tí yóò dé inú díìṣì kò tó nǹkan mọ́.

Láti ṣírò iye tí yóò kù, ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ iye ẹ̀kán kéékèèké àti iye ẹ̀kán ńláńlá tó wà nínú òjò. Òfin tí gbogbo ayé ń lò fún èyí ni Marshall àti Palmer gbé jáde ní 1948 lórí òjò orílẹ̀-èdè Kánádà. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Ajayi ti Yunifásítì Ifẹ̀ wọn ẹ̀kán òjò Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, òun àti R. L. Olsen sì gbé èsì náà jáde ní 1985. Wọ́n fi hàn pé òfin Kánádà kò bá òjò ilẹ̀ olóoru mu, pàápàá ní ti ẹ̀kán kéékèèké, wọ́n sì fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Títí di òní ni àwọn tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì ní ilẹ̀ olóoru ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka físíìsì ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí Ìlàjẹ wà, sì ti tẹ̀ síwájú nínú irú ìwádìí yìí.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè tọpa ẹ̀kán òjò kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ òfin wà fún àpapọ̀ wọn. Irú ìrònú yẹn gan-an ni yóò ṣiṣẹ́ nínú ìyókù orí yìí.

7.3 Bọ́ọ̀lù tó ń ta lára ògiri

Ká ní bọ́ọ̀lù kan ń yí lórí tábìlì onígun mẹ́rin, tó ń ta lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí nǹkan kan kò sì fà á sẹ́yìn. Ipa ọ̀nà rẹ̀ létò. Bí ẹlòmíràn bá tún ju bọ́ọ̀lù kejì láti ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀nà àwọn méjèèjì á máa jìn síra díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yára.

Ọ̀rọ̀ á yí padà bí a bá gbé òpó róbótó kan sí àárín tábìlì náà. Onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, Yakov Sinai, fi hàn ní 1970 pé irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní rúdurùdu. Leonid Bunimovich, ará Rọ́ṣíà bákan náà, fi hàn láàárín àwọn ọdún 1970 pé tábìlì tí ìrísí rẹ̀ dà bíi pápá ìṣeré, tí ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ tọ́ tí orí méjèèjì sì rí bí ìdajì òbìrí, ní rúdurùdu pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí òpó kankan nínú rẹ̀. Rúdurùdu níhìn-ín kò túmọ̀ sí pé kò sí òfin. Òfin wà, ó sì dájú, ṣùgbọ́n àṣìṣe kékeré níbẹ̀rẹ̀ á máa di ńlá kíákíá.

Àpẹẹrẹ: ká sọ pé gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ta lára òpó ni àṣìṣe ń di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà, tí ojú kò lè rí, lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà péré àṣìṣe náà ti di mítà kan. Ẹni tó ń ṣírò kò mọ apá ibi tí bọ́ọ̀lù wà lórí tábìlì mọ́.

7.4 Ìṣòro tí kúáńtọ́ọ̀mù gbé wá

Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Láti 1926 tí Erwin Schrödinger ti kọ ìdọ́gba rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ti hàn pé bí ìgbì ni ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń hùwà nínú àyè tó há. Ìgbì kò ní ipa ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣeé tọ̀. Nínú ìdọ́gba Schrödinger, àṣìṣe kékeré kì í di ńlá lọ́nà tí 7.3 ṣàlàyé. Níbo wá ni rúdurùdu bọ́ọ̀lù ń lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá di ìgbì?

Albert Einstein ti fọwọ́ kan apá kan ìṣòro yìí ní 1917. Ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò ìpele agbára átọ́ọ̀mù nígbà náà kò lè ṣiṣẹ́ fún ohun tí ìrìn rẹ̀ kò létò. Ọ̀rọ̀ náà sì sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín àwọn ọdún 1950, Eugene Wigner ń wo ìpele agbára inú kóró àárín átọ́ọ̀mù wíwúwo bíi uranium, tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa fífi neutron lù ú. Àwọn ìpele náà pọ̀ jù fún ìṣirò ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wigner wá fi ìlànà àgbéléwọ̀n rọ́pò: ó to nọ́ńbà sínú tábìlì ìṣirò ńlá láìṣa èyíkéyìí, ó sì wo bí àlàfo láàárín àwọn ìpele rẹ̀ ṣe pín.

Ní 1984, Oriol Bohigas, Marie-Joya Giannoni àti Charles Schmit, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Orsay ní ilẹ̀ Faransé, sọ ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní bí bọ́ọ̀lù inú àyè kan bá ní rúdurùdu, àlàfo láàárín ìpele agbára ìgbì inú àyè náà yóò tẹ̀ lé òfin Wigner. Àyè náà ì báà kéré tó átọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ èyí tí ènìyàn gé fúnra rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti dán an wò. Ó kù kí ẹnìkan fi ohun gidi wọ̀n ọ́n.

7.5 Àpótí Marburg

Ní 1990, Hans-Jürgen Stöckmann àti J. Stein ní Yunifásítì Marburg ní Jámánì ṣe é. Wọ́n gbẹ́ àpótí irin pẹlẹbẹ tí gíga inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 8 lọ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé ìrísí tábìlì Sinai tàbí ti Bunimovich. Àṣírí iṣẹ́ náà wà nínú bí àpótí náà ṣe tẹ́. Bí ìdajì gígùn ìgbì bá ju gíga àpótí lọ, ìgbì kò lè yàtọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni yóò máa mì. Fún mìlímítà 8, èyí jẹ́ òótọ́ títí dé 18.75 GHz. Lábẹ́ ìwọ̀n yẹn, ìdọ́gba tó ń darí máíkírówéèfù nínú àpótí náà ni:

∇²ψ + k²ψ = 0, tí k jẹ́ 2π ÷ gígùn ìgbì, tí ψ sì jẹ́ òdo lára ògiri.

Ìdọ́gba Schrödinger fún ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n há mọ́ àyè pẹlẹbẹ kò yàtọ̀ sí èyí rárá. Àmì ψ dúró fún iná mànàmáná inú àpótí ní ọ̀kan, ó dúró fún ìgbì ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní èkejì. Nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n bá wọ̀n nínú àpótí irin tó tó gbé sórí tábìlì, wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n lu ihò kékeré sí ìdérí àpótí, wọ́n ki wáyà kúkúrú bọ inú rẹ̀ kó jẹ́ áńtẹ́nà, wọ́n sì ń yí ìwọ̀n ìmì padà díẹ̀díẹ̀. Ní ìwọ̀n tí kò bá àpótí mu, ìgbì á ta padà sínú wáyà. Ní ìwọ̀n tó bá a mu, àpótí á gba agbára náà wọlé, èyí tó ń padà bọ̀ á sì dín kù lójijì. Ibi tí ó bá ti dín kù ni ìpele kan wà.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn kíákíá. Ní 1991, Srinivas Sridhar ní Yunifásítì Northeastern ní Boston gbé irin kékeré kiri inú àpótí tirẹ̀ láti mọ ibi tí ìgbì ti lágbára àti ibi tí kò sí. Ó rí i pé nínú àpótí oní-rúdurùdu pàápàá, àwọn ìgbì kan máa ń kó ara jọ sórí ipa ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù lè tọ̀ léraléra. Eric Heller ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 1984 pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ní 1992, ẹgbẹ́ Achim Richter ní Darmstadt fi niobium ṣe àpótí tiwọn, wọ́n sì mú un tutù débi pé iná mànàmáná ń ṣàn lára rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ìpele tó fara pẹ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí tí àpótí lásán á pa pọ̀ mọ́ra yà sọ́tọ̀ gedegbe nínú tiwọn.

7.6 Kíka àlàfo

Báwo ni ènìyàn ṣe ń fi ìpele mọ̀ bóyá àpótí létò tàbí ó ní rúdurùdu? Wọ́n á to ìpele gbogbo láti kékeré dé ńlá, wọ́n á wọn àlàfo láàárín èyí àti èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n á sì fi ìpíndọ́gba àlàfo pín gbogbo wọn. Ohun tó bá jáde ni s.

Nínú àpótí tó létò, ìpele kan kò mọ̀ pé òmíràn wà. Michael Berry àti Michael Tabor fi hàn ní 1977 pé òfin tó yẹ irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni P(s) = e⁻ˢ. Nínú àpótí oní-rúdurùdu, ìpele máa ń sá fún ara wọn, òfin Wigner ló sì ń darí wọn: P(s) = (π/2) s e^(−πs²/4). Bí s bá jẹ́ òdo, òfin kejì náà á di òdo: kò sí ìpele tó fẹ́ dúró síbi tí òmíràn wà.

Àpẹẹrẹ 1. Nínú àlàfo 1,000, mélòó ni yóò kéré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpíndọ́gba lọ? Fún àpótí tó létò, ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 1 − e^(−0.1), ìyẹn 0.095. Ó tó àlàfo 95. Fún àpótí oní-rúdurùdu, ó jẹ́ 1 − e^(−0.00785), ìyẹn 0.0078. Kò ju àlàfo 8 lọ. Ìyàtọ̀ tó tó báyìí kò fara sin fún ẹni tó bá kà á dáadáa.

Àpẹẹrẹ 2. Àpótí onígun mẹ́rin kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ìwọ̀n ìmì tó gbà jẹ́ f = √(4m² + 9n²) ÷ 8 ní GHz, tí m àti n jẹ́ 1, 2, 3 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fún m = 1, n = 1, f jẹ́ 0.451 GHz. Fún m = 3, n = 2, ó jẹ́ 1.061 GHz. Fún m = 4, n = 1, ó jẹ́ 1.068 GHz. Méjì tó kẹ́yìn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé m = 6, n = 2 àti m = 3, n = 4 ń fúnni ní 1.677 GHz kan náà láìsí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbì méjì tí ìrísí wọn kò jọra wá ń lo ìpele kan ṣoṣo. Bí ènìyàn bá gbé òpó irin róbótó kan sínú àpótí náà níbi tí kì í ṣe àárín gan-an, irú ìpele bẹ́ẹ̀ á yà kúrò lára ara wọn.

Ní 1995, ẹgbẹ́ kan ní Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà fi ohun èlò olóòfà sínú àpótí wọn, tó fi jẹ́ pé ìgbì tó ń lọ kò lè padà gba ọ̀nà tó gbà lọ. Ìpele wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ara wọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlànà Wigner, tí Freeman Dyson mú gbòòrò ní 1962, ti sọ pé yóò rí.

7.7 Ìlù méjì tó ń dún bákan náà

Awọ ojú ìlù náà ń tẹ̀ lé ìdọ́gba tó wà ní 7.5. Onílù tó bá lu ìyá ìlù àti omele mọ̀ pé ojú tó fẹ̀ ń dún wálẹ̀ ju èyí tó kéré lọ. Ní 1966, onímọ̀ ìṣirò Mark Kac béèrè bóyá ẹni tó gbọ́ gbogbo ohùn inú ìlù kan lè sọ ìrísí ojú rẹ̀ láìrí i. Ọdún 26 kọjá kí ìdáhùn tó dé. Ní 1992, Carolyn Gordon, David Webb àti Scott Wolpert ya ìrísí méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá, tí gbogbo ohùn inú wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Sridhar àti Arshad Kudrolli gé ìrísí méjèèjì náà ní àpótí irin, wọ́n sì rán máíkírówéèfù sí wọn. Èsì wọn jáde ní 1994: ìpele inú àpótí kìíní àti ti èkejì bára mu. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi bébà àti kálàmù rí ti di ohun tí irin lè jẹ́rìí sí.

7.8 Ìgbì òmìrán

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 1995, ohun èlò kan lórí pèpéle gáàsì Draupner ní Òkun Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù wọn ìgbì kan tó ga ní mítà 25.6, láàárín ìgbì tí púpọ̀ nínú wọn kò tó ìdajì rẹ̀. Àwọn atukọ̀ ti ń ròyìn irú ìgbì bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà wọ́n gbọ́.

Ìdí àìgbàgbọ́ náà wà nínú ìṣirò. Bí ìgbì púpọ̀ bá kàn ń gun ara wọn láìsí ètò, ìṣeéṣe pé agbára níbì kan yóò ju ìlọ́po mẹ́wàá ìpíndọ́gba lọ jẹ́ e⁻¹⁰, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 22,000. Fún ìlọ́po 20, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 485. Ìgbì òmìrán kò yẹ kó pọ̀ tó bí àwọn atukọ̀ ṣe ń rí i.

Ní 2010, Stöckmann àti Ruth Höhmann pẹ̀lú Ulrich Kuhl ní Marburg, àti Lev Kaplan àti Heller ní Amẹ́ríkà, gbé ìdánwò kan jáde tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Wọ́n to òkòtó irin ṣóńṣó sórí pẹpẹ aluminiomu láìtẹ̀ lé ètò kankan, wọ́n bò ó, wọ́n sì rán máíkírówéèfù gba àárín rẹ̀. Òkòtó kọ̀ọ̀kan kàn ń yẹ ìgbì lọ́nà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yíyẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn ń kó ìgbì jọ sí ẹ̀ka tóóró. Níbi tí ẹ̀ka bá ti pàdé, agbára ga fíofío, iye ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ìṣirò àtijọ́ gbà láàyè lọ. Ìdánwò náà fi hàn pé kò pọn dandan kí òfin tó ṣàjèjì wà kí ìgbì òmìrán tó dìde. Ìfọ́nká lásán, tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, lè bí i.

Ìṣàn omi òkun àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tí kò tẹ́jú ń ṣe fún ìgbì omi ohun tí òkòtó ń ṣe fún máíkírówéèfù. Ní òkun Ìlàjẹ, ọ̀gbun Màhín wà lábẹ́ omi. Orí irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ti ń yára ju orí ilẹ̀ tó ga yí i ká lọ, ó sì ń yẹ̀ kúrò lọ́nà. Etíkun náà fúnra rẹ̀ kò jọ ti Èkó, nítorí ẹrẹ̀ rírọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe yanrìn. Ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ nínú agbára ìgbì tó bá gba orí rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, òkun sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé, ilé ìwé àti ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò. Ìdánwò orí pẹpẹ kò lè dá èyí dúró. Ohun tó lè ṣe ni kí ó kọ́ ẹni tó fẹ́ ya àwòrán odi etíkun pé ìpíndọ́gba gíga ìgbì nìkan kò tó láti fi ṣírò.

7.9 Rédà lókè Awoye

Ìfọ́nká máíkírówéèfù ń ṣiṣẹ́ lókè etíkun yìí lónìí. Sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní oṣù Kẹrin 2014, ń rán máíkírówéèfù 5.405 GHz sí ojú òkun. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.55. Bí ó bá ń wo omi ní ìgun 30, ìgbì wẹ́wẹ́ orí omi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5 ló ń fọ́n an padà sókè jù lọ. Epo rọ̀bì máa ń pa ìgbì wẹ́wẹ́ wọ̀nyí. Nítorí náà ojú ibi tí epo bá wà á dúdú nínú àwòrán rédà, ní ọ̀sán tàbí ní òru, bí ìkùukùu tilẹ̀ bo ojú ọ̀run.

Ní agbègbè tí kànga epo Ororo-1 ti bú gbàmù nínú òkun lẹ́bàá Awoye ní oṣù Karùn-ún 2020, ìmọ̀ yìí kọjá ìdánwò inú kíláàsì. Òun ni ẹ̀rí tí apẹja lè gbé síwájú ìjọba nípa ibi tí epo dé àti ọjọ́ tó débẹ̀.

7.10 Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìbéèrè

Ìdánwò tó wà nínú orí yìí kò nílò ẹ̀rọ tó tóbi bí ilé. Irinṣẹ́ alágbèéká tó ń wọn ìgbì títí dé 3 GHz ti wà lọ́jà báyìí, ó sì kéré tó fóònù. Pátákó aluminiomu méjì, irin pẹlẹbẹ fún ẹ̀gbẹ́, ìdè tó mú wọn pọ̀ dáadáa àti wáyà áńtẹ́nà ló kù.

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àpótí inú Àpẹẹrẹ 2, kí gíga inú rẹ̀ má ṣe tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kí ó ṣàlàyé ìdí tí gíga yìí fi ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n ìmì bá fẹ́ dé 3 GHz.

2. Iye ìpele tó yẹ kó wà lábẹ́ ìwọ̀n ìmì f sún mọ́ πA(f/c)² − Lf/(2c), tí A jẹ́ ìfẹ̀ ojú àpótí, tí L jẹ́ àpapọ̀ gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí c sì jẹ́ ìyára máíkírówéèfù. Kí ó fi hàn pé èsì rẹ̀ fún àpótí yìí ní 3 GHz jẹ́ nǹkan bí 65, kí ó sì fi wé iye tó bá kà.

3. Kí ó wá ìpele 1.677 GHz. Lẹ́yìn náà kí ó gbé agolo tó kan pátákó òkè àti ti ìsàlẹ̀ sínú àpótí, kí ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpele náà.

4. Kí ó gbé agolo náà sí ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kó àlàfo gbogbo jọ, kí ó sì ya àwòrán bí wọ́n ṣe pín. Òfin wo ló sún mọ́ jù, ti Berry àti Tabor ni àbí ti Wigner?

5. Kí ó ṣírò gígùn ìgbì wẹ́wẹ́ tí Sentinel-1 ń rí ní ìgun 40, nípa lílo λ ÷ (2 sin θ), tí λ jẹ́ gígùn ìgbì rédà, tí θ sì jẹ́ ìgun náà.

Yunifásítì Olúṣẹ́gun Agagu ní Òkìtìpupa kò jìnnà sí etíkun Ìlàjẹ, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ sì ti ní ìrírí nínú wíwọn máíkírówéèfù. Ó yẹ kí ẹ̀ka físíìsì irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi iṣẹ́ yìí sínú ètò ẹ̀kọ́ ọdún kẹta wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ṣe é tọ́jú nọ́ńbà gbogbo tó bá wọ̀n, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìwọ̀n àpótí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé.